Fèrè tòkúnbọ̀ tí mo rà ní Mushin fún ọmọ mi: àyẹ̀wò látẹnu afọnfèrè

Bí ẹ bá fẹ́ ra trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì fún ọmọdé tó fẹ́ kọ́ orin, ẹ ra ògbólógbòó tó dáa, ẹ fi tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ń dán yanranyanran sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn, ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Aránṣọ ni mí l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bọ́ mi, àmọ́ láti kékeré ni mo ti ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì tíì dáwọ́ dúró. Mo ti fọn ọ́n níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìkórè. Nígbà tí mo wà nínú oyún ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo fọn ọ́n títí báńdímásítà fi bẹ̀ mí pé kí n lọ jókòó. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà tán, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní fèrè lòun fẹ́. Ọ̀rọ̀ eyín yẹn ṣe pàtàkì o. Orí ètè tó sinmi lé eyín iwájú ni ẹnu fèrè máa ń jókòó sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi máa ń ní kí ọmọ dúró di bí ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Yamaha YTR-2335 ni mo rà. Fèrè akẹ́kọ̀ọ́ ni, B♭ ni (mo máa sọ ìtumọ̀ ìyẹn níwájú), fáàfù mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀ ló ní, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ilé-iṣẹ́ náà ò ṣe é mọ́, YTR-2330 ló rọ́pò rẹ̀. Ihò inú ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 11.65, ẹnu rẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ohùn ti ń jáde sì jẹ́ mílímítà 123. Mi ò ní kọ iye tí mo rà á, torí kí ẹ tó kàwé yìí tán, dọ́là lè ti yí i padà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé owó tí mo san ò tó ìdajì owó tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sí orúkọ kankan lójú ìlẹ̀kùn, àwọn olórin ló ń júwe ibẹ̀ fún ara wọn. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn híhá kan, ẹ máa kọjá lára obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, kẹ́ ẹ tó bá ara yín nínú yàrá tí sásófóònù kún ara ògiri rẹ̀ bámú. Àwọn ọjà náà, láti Ìlú Ọba àti Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ara àpótí tèmi, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i gàdàgbà, irú èyí tí ilé-ìwé máa ń kọ sára ohun ìní rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ọmọ ilé-ìwé kan ti fi fèrè yìí ṣe àṣìṣe tirẹ̀ kó tó kan tiwa.

Àbúrò mi ọkùnrin ló sìn mí lọ. Bí a ṣe wọlé, ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé fèrè, ó nà án sí àbúrò mi: "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Àbúrò mi, tí iṣẹ́ tirẹ̀ nínú orin kò ju ijó lọ, fi àgbọ̀n júwe mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fọn ọ́n ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo yọ ẹnu fèrè tèmi nínú báàgì, mo fi aṣọ nù ún, mo tì í bọnú ọ̀pá, mo sì fọn orin ìyìn kan láti orí dé ìdí, pẹ̀lú ẹsẹ ìkẹyìn tí ohùn rẹ̀ máa ń gòkè. Láti ìgbà náà títí tí mo fi sanwó, kò pè mí ní Màámi mọ́. "Ọ̀gá wa" ló kù.

Ẹ mú ẹnu fèrè tiyín dání bí ẹ bá ní. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ò mọ ẹni tó fi ẹnu sí ti inú ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹ bá lo ohun tí ètè yín ti mọ̀, ohun tó bá yàtọ̀ nínú ohùn, fèrè ló fà á.

Kí n tó fọn orin yẹn ni mo ti yẹ ara rẹ̀ wò, ibí sì ni mo fẹ́ kí àwọn òbí dúró sí dáadáa. Ẹ gbá ọ̀pá kékeré tó wà lára fáàfù kejì mú, ẹ fà á yọ láìtẹ fáàfù náà. Bí ó bá dún "pọ́!" nígbà tó ń jáde, a jẹ́ pé fáàfù náà ṣì ń di atẹ́gùn mú. Bí ó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò sọ nǹkan kan, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù jò nìyẹn, fáàfù náà ti jẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkíní àti ìkẹta náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọ̀pá tí ẹnu fèrè ń wọ̀, èyí tí atẹ́gùn ń kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ẹ bá rí àmì pupa róbótó-róbótó lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, idẹ náà ti ń jẹrà láti inú wá, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apá ibi tó fẹ̀ lẹ́nu ló tẹ̀, ìyẹn ò tó ìjà. Tèmi tẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi ìyẹn já owó lulẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bí ọ̀pá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn bá tẹ̀, ohùn á máa ṣe ségesège.

Kò tán o. Wọ́n máa ń kọ 1, 2, 3 sára fáàfù. Ẹni tó bá fọ fèrè tí kò mọ̀ ọ́n tò padà lè gbé ìkíní sí ibi ìkẹta, ẹ ó sì fọn títí kò ní dún, torí ihò inú wọn ò bára mu. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ju fèrè nù nítorí èyí, tó jẹ́ pé ká kàn ṣí i, ká pààrọ̀ ipò wọn ni. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí fèrè kan ò dún rárá, ẹ fi ọgbọ́n yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà. Mi ò ní kí ẹ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn kan á bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí lórí fèrè ọmọdé. Ṣebí ó kàn fẹ́ kọ́ ọ ni, ẹ ra èyíkéyìí fún un, bó bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ wá ra èyí tó dáa. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àgbà tó ti mọ fèrè fọn lè fi ètè àti èémí tún àléébù fèrè tó burú ṣe, yóò sì rí orin fà yọ níbẹ̀. Ọmọdé ò lè ṣe é. Fáàfù tó ń jò máa ń fẹ́ kí èèyàn fẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Òòyì á kọ́ ọmọ, ohùn òkè á já, ètè á wú. Kò ní wá sọ́kàn rẹ̀ pé irin ló burú. Ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi, á ní òun ò lẹ́bùn, ẹ̀yin náà á sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní orin ò sí nínú ìdílé wa.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìbátan mi kan. Tuntun ni wọ́n rà fún un, aláwọ̀ búlúù, orúkọ ẹni tó ṣe é ò tilẹ̀ sí lára rẹ̀. Fáàfù kejì ò gòkè mọ́ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá méjì pọ̀ já kí ọdún tó parí. Wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fèrè ṣe, ó ní iná tí òun máa fi jó o lè ba ìyókù jẹ́, torí irin náà fẹ́lẹ́ jù. Ọmọ yẹn létí orin o. Mo ti gbọ́ ọ tó ń súfèé ohùn kejì sí orin tó ń gbọ́ lórí rédíò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri báyìí. Kò sóhun tó burú nínú bọ́ọ̀lù, àmọ́ ó dùn mí.

Èmi náà, fèrè tó dáhùn ló mú mi. Ọkùnrin ni gbogbo ẹgbẹ́ Boys' Brigade ṣọ́ọ̀ṣì wa, gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn, ìlú Glasgow ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1883. Ó dé Nàìjíríà ní 1908. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé bíúgù kan sórí àga, wọ́n lọ mu gàrí, mo sì gbé e. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò dún. Mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi pọ́n. Báńdímásítà wá ká mi mọ́ ibẹ̀, mo rò pé ó máa nà mí. Ó ní, "Má fẹ́ ẹ. Pa ètè rẹ dé, kó o ṣe é bí ọmọ tó ń fi ẹnu wa mọ́tò." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan náà sì ké tó fi jẹ́ pé ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bíúgù ò ní fáàfù kankan. Ètè nìkan ló ń yí ohùn rẹ̀ padà, gbogbo ohun tó sì máa ń sọ kò ju sò, dò, mì, sò lọ. Mo lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù lórí àwọn ohùn wọ̀nyẹn, inú mi sì dùn. Bíúgù yẹn ti tẹ̀ káàkiri, ọ̀dà rẹ̀ ti ho tán, àmọ́ kò jò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe ohun tó tọ́, ó ń dá mi lóhùn. Bí mo bá ṣe ohun tí kò tọ́, ó dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá fún mi ní trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìka ń ṣe nìkan ló kù fún mi láti kọ́, ètè ti gbọ́n.

Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí, mo rí i pé ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Louis Armstrong, afọnfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, yìnbọn lójú pópó ní New Orleans lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1912 parí, ọlọ́pàá gbé e, wọ́n sì fi í sí ilé àtúnṣe àwọn ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú. Níbẹ̀ ni Peter Davis, tó ń darí ẹgbẹ́ orin ilé náà, ti mú un lábẹ́ apá. Tanboríìnì ló kọ́kọ́ fún un, ó sì gba orí bíúgù kọjá kó tó kan kọ́nẹ́ẹ̀tì, fèrè tó jọ trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Ní 1960, ọdún òmìnira wa, ọmọ ilé àtúnṣe yẹn fọn fèrè dé Èkó. Victor Ọláìyá, ẹni tí áńkáṣíìfù funfun kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìtàgé, Calabar ni wọ́n bí i sí ní ìparí ọdún 1930. Bombardon, ìyẹn fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, àti French horn ló kọ́ lọ́mọdé, trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì sì ló sọ ọ́ di Ọláìyá tí a mọ̀. Ẹ wo bombardon rí? Ọmọdé lè wọnú rẹ̀ sá pamọ́. Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ti gbà á pé kó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, kò lọ, inú àwọn òbí rẹ̀ ò sì dùn. Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, bàbá bàbá rẹ̀ ti gba orin Yorùbá sórí àwo ní London ní àwọn ọdún 1920, orin ti wà nílé kí wọ́n tó bí i. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́ ní London ní 1958, ó yà sí Trinity College of Music, trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ló sì kọ́ níbẹ̀. Sásófóònù tí ẹ mọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yìn ìgbà náà ló dé. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù pé fèrè máa gba dókítà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rù yín tọ́. N kò ní purọ́ fún yín.

Ká padà sí ọjà mi. Àléébù rẹ̀ nìyí. Àpótí náà ń rùn bí ẹni pé wọ́n ti ti ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn láti ọdún tó ti pẹ́. Mo fi oòrùn àti ọṣẹ ṣe é, ó dín kù, kò tán. Kọ́kì kékeré tó bo ihò tí a fi ń da itọ́ nù ti jẹ, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n tó tà á fún mi mọ̀, kò sọ, èmi náà ò tètè rí i. Ọ̀gá kan tó ń tún fèrè ṣe níbí gé díẹ̀ lára sílípáàsì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì di pa títí di òní. Ọ̀pá fáàfù kẹta le, ọwọ́ ọmọ ò lè fà á. Fasilíìnì ni mo fi pa á, ó ti ń rọ̀. Ẹ ṣọ́ra o, orí àwọn ọ̀pá ni fasilíìnì wà fún, ẹ má fi kan fáàfù láé, á lẹ̀ pa. Òróró fáàfù ló yẹ fáàfù. Mo béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní kò sí, wọ́n ní kí n máa fi kẹrosíìnì sí i. Fún ọmọ tó ń fa èémí lẹ́nu ibẹ̀? Mo wá òróró gidi rà níbòmíì.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ fèrè, torí omi gbígbóná á ho ọ̀dà rẹ̀. Bí ẹnu fèrè bá há, ẹ má jẹ́ kí bàbá ọmọ fi púláyà fà á. Irin kan wà tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní in. Ọ̀pá tí púláyà bá lọ́, owó rẹ̀ á dun yín.

Ohun tó wú mi lórí jùlọ ni bí àwọn fáàfù náà ṣe ń sáré. Irin monel ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í tètè dípẹtà, ọwọ́ ọmọdé sì ń tẹ̀ wọ́n láìsí wàhálà. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó dúró sójú kan. Àwọn ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ wa tó ní fèrè olówó ńlá sọ pé ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ló máa fọn fún ẹgbẹ̀rún èèyàn ní pápá ìṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ kan fún àwọn tí ọmọ wọn á máa bá atẹdùùrù ṣiṣẹ́. B♭ ni fèrè yìí, nítorí náà bí dùùrù bá wà ní C, D ni afọnfèrè máa fọn kí wọ́n tó pàdé. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti ní fèrè ọmọ wọn burú, ó "ń ṣìnà", tó sì jẹ́ pé ìwé orin dùùrù ni wọ́n gbé síwájú ọmọ láìyí i padà. Sol-fa ni mo fi ń kọ́ tèmi, dò rẹ̀ sì lè wà níbikíbi, a ó fi orúkọ kíì lé e lẹ́yìn.

Ti ariwo ńkọ́? Ariwo wà. Ìyá ilé wa ti bá mi sọ̀rọ̀. Ìdínu kan wà tí wọ́n ń tà fún ìdánrawò, tí wọ́n ń fi dí ẹnu fèrè kí ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, àmọ́ ó máa ń mú kí fèrè le láti fọn, n kò sì fẹ́ ẹ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń jẹ́ kó fọn ọ́n nírọ̀lẹ́, kó kọjú fèrè sí ibi tí mo kó aṣọ oníbàárà kọ́ sí. Aṣọ máa ń mu ohùn, pàápàá àwọn aṣọ òkè. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, àwọn kan tilẹ̀ máa ń dúró bi í pé orin wo ló kàn. Bí iná bá lọ, kò kan òun, kò sí wáyà lára fèrè. Ẹni tó ra kíbọ́ọ̀dù fún ọmọ rẹ̀ ládùúgbò wa ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa àwọn fèrè oníke. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní ti ọmọ rẹ̀. Ó fúyẹ́, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ti idẹ tó súnmọ́ kílò kan, bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, kò ní tẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, fáàfù rẹ̀ ò yá tó ti irin. Fún ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ kàn fẹ́ kó mọ bí ètè ṣe ń gbọ̀n, mo fara mọ́ ọn. Ó sàn lọ́nà jíjìn ju aláwọ̀ búlúù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo fún fèrè náà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún, mo fún ṣọ́ọ̀bù ní mẹ́ta. Wọ́n lọ́jà gidi, wọ́n jẹ́ kí n fọn ọ́n bó ṣe wù mí, wọn ò lé mi. Àmọ́ wọn ò sọ àléébù ọjà wọn fún èèyàn, wọn ò ní òróró, wọ́n sì rò pé ọkùnrin nìkan ló ń ra fèrè. Ẹni tí kò mọ fèrè fọn, kó bẹ afọnfèrè kan tẹ̀lé e lọ, kó sanwó ọkọ̀ rẹ̀, kó ra oúnjẹ fún un. Ẹ má dá lọ.

Bí apá ọmọ yín bá kúrú tí trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ń fà á síwájú, ẹ béèrè kọ́nẹ́ẹ̀tì. Gígùn ọ̀pá àwọn méjèèjì ò yàtọ̀, wọ́n kàn ká ti kọ́nẹ́ẹ̀tì jọ síra ni, tó fi súnmọ́ àyà ẹni tó gbé e, bí wọ́n sì ṣe ń tẹ fáàfù wọn, ọ̀kan náà ni. Méjì wà lórí pẹpẹ òkè lápá ọ̀tún nígbà tí mo lọ. Èyí tó wà lápá ẹ̀yìn ló dún "pọ́".